Ohùn Ni Kí Ẹ Gbé Kọjá: Ẹ̀rọ Orin Àtijọ́ àti Rédíò Mọ́tò Ayé Òde Òní

  

Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè so ẹ̀rọ orin àtijọ́, irú èyí tó ń wọ àpò, mọ́ rédíò tuntun tó lójú gíláàsì tí à ń fọwọ́ tẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn. Kí onítọ̀hún wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ọjà Ìpàtà yìí ní Ìlọrin láàárọ̀. Àwọn alápatà ti pa màlúù tán, mọ́tò ẹran ń jáde, mọ́tò tó kó ata wá láti Òkè Ọya ń wọlé, akérò ń pe Ọjà Ọba, ó ń pe Gàm̀bàrí, rédíò mọ́tò kan sì ń bo òmíràn mọ́lẹ̀: wáàsí níhìn-ín, orin dadakúàdà ti Ìlọrin lọ́hùn-ún, fújì láàrin wọn. Awakọ̀ tí kò bá rí nǹkan gbọ́ láti ibí dé Jẹ́bà, oorun ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo wá sọ kò gùn. Rédíò tuntun kì í gba gbogbo ẹ̀rọ àtijọ́ wọlé, bí a tilẹ̀ ra rédíò náà lówó gọbọi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ orin yòówù tó bá ṣì ń dún létí wa, ohùn rẹ̀ lè wọ inú mọ́tò. Fáìlì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jà fitafita láti gbé kọjá. Ohùn ni kí wọ́n gbé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Philips ló gbé káséètì jáde ní 1963. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1979, Sony bẹ̀rẹ̀ sí ta Walkman ní Japan, èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé orin rìn láìyọ aládùúgbò lẹ́nu. Ní 1998, SaeHan ní ilẹ̀ Kòríà Gúúsù ta MPMan, ẹ̀rọ tí kò lo káséètì, tí kò lo ṣíìdì. MB 32 péré ni àyè inú rẹ̀, orin bíi mẹ́jọ ni yóò gbà. Lẹ́yìn náà ni Apple fi iPod han aráyé ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá 2001. GB 5 ni tirẹ̀, ẹgbẹ̀rún orin ni wọ́n sì fi polówó rẹ̀. Ó jọba fún ọ̀pọ̀ ọdún kí tẹlifóònù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù Karùn-ún 2022 ni Apple kéde pé òun kò ní ṣe é mọ́.

Bó ṣe dé Ìlọrin kì í ṣe àdììtú. Àbúrò tó wà ní London fi ránṣẹ́. Alhaja tó lọ sí Mẹ́kà rà á bọ̀ fún ọmọ. Òmíràn bá ẹrù tòkunbọ̀ wọlé. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká iPod ra MP3 ti China, èyí tó rí bíi fláàṣì, tó ń jẹ bátìrì rìmóòtù kan ṣoṣo. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wà nínú dúrọ́ọ̀ káàkiri ìlú yìí títí di òní, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n kú síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohùn Ìlọrin ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohùn àwọn olórin dadakúàdà bíi Odòlayé Àrẹ̀mú, Jáígbadé Àlàó àti Ọmọékèé Àmào, ẹ lè rí díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orin dadakúàdà tí wọ́n kọ lóde ìyàwó, tí wọ́n fi káséètì gbà, tí ọmọkùnrin ilé kan wá kó sínú MP3 rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, níbo ni ẹ ti fẹ́ wá a? Wáàsí Sheikh Kamaldeen Al-Adabi, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Ansarul Islam sílẹ̀ ní 1942; ti Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori, ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá Markaz sílẹ̀ ní 1952, tó sì papò dà ní 1992: orí káséètì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ ohùn wọn. Wáàsí alfa àdúgbò tí kò lókìkí ńkọ́? Wòlímọ̀ ìyá yín ńkọ́? Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló lè kù, kó sì jẹ́ inú ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ ló wà.

Ní ti rédíò tuntun, ẹ̀yin rewáyà, ẹ̀yin tí ẹ ń tún iná mọ́tò ṣe, mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Wọ́n ń pè é ní Android, bí kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ Android. Ihò tó ń wọ̀ nínú mọ́tò fẹ̀ ní mílímítà 180, ó ga ní 100. Ti ọ̀pọ̀ Toyota fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ó tó 200, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń wá férémù kí ojú rẹ̀ tó gún. Wọ́n yọ rédíò tó bá Camry Big Daddy wá láti ilé-iṣẹ́, èyí tó ní ihò káséètì àti ṣíìdì, wọ́n sọ ọ́ sínú àkúfọ́, wọ́n gbé gíláàsì ńlá síbẹ̀. Ó lẹ́wà. Ó ń fi máàpù hàn, ó ń fi ẹ̀yìn mọ́tò hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní káséètì dadakúàdà tó kún àpótí, tó wá ju ẹ̀rọ káséètì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nù nítorí gíláàsì, èmi kò ní bá a dáwọ̀ọ́ ìdùnnú.

Ẹ wá wo bí wàhálà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Onímọ́tò ki ìdí wáyà kan bọ iPod, ó ki ìdí kejì bọ ihò USB. Iná wọlé, bátìrì ń kún. Ó tẹ ojú rédíò, kò rí orin. Tàbí kí orin yọjú pẹ̀lú orúkọ tí kò lórí tí kò nídìí, lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin bíi GTXQ, bíi HWLN. Ó pe rewáyà, rewáyà ní rédíò náà ni kò dáa, kó lọ ra òmíràn. Rédíò kò ṣe nǹkan kan.

Apple kì í to orin sínú iPod bí ẹ ṣe ń tò ó sínú fláàṣì. Àpótí kan wà tí wọ́n fi pamọ́, iPod_Control lorúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n fọ́n orin sí, F00, F01, F02, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì fún orin kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà mẹ́rin bí orúkọ. Àkọsílẹ̀ kan lọ́tọ̀ ló mọ èyí tó jẹ́ ti Odòlayé àti èyí tó jẹ́ wáàsí. Ẹ̀yin ìyá aláta, ẹ ti rí irú rẹ̀ rí: ilé ìkẹ́rùsí tí àpò ata ọgọ́rùn-ún wà, tí wọn kò kọ orúkọ sára ẹyọ kan, tó jẹ́ pé ìwé ọwọ́ akọ̀wé nìkan ló mọ ti ta ni èwo. Bí akọ̀wé kò bá sí níbẹ̀, ata ò sọnù, ẹ ò kàn lè rí tiyín mú ni. Rédíò kan wà tó lè yẹ inú fáìlì fúnra rẹ̀ wò, kó ka orúkọ akọrin tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe wàhálà yẹn.

Ìyẹn gan-an, àfi tí iPod náà bá gbà kí rédíò wo inú òun bíi fláàṣì. Èyí tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà Mac tò ní ìlànà ìtọ́jú fáìlì tirẹ̀, ọ̀pọ̀ rédíò mọ́tò kò sì mọ̀ ọ́n kà. Èyí tí wọ́n fi Windows tò ń lo FAT32, ìyẹn ni rédíò mọ̀. iPod touch kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo inú òun bẹ́ẹ̀ rárá. Rédíò tó bá sì fẹ́ bá iPod sọ̀rọ̀ bó ti yẹ, kí orúkọ orin hàn, kí a lè máa yan orin lójú gíláàsì, ó gbọ́dọ̀ ní ègé ẹ̀rọ kékeré kan nínú tí Apple ń lò láti fi dá àwọn tó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀. Rédíò tó wá láti ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń ní in. Èyí tó pọ̀ lọ́jà kì í ní in, wọn ò sì ní kọ ọ́ sára páálí pé kò sí.

Àwọn kan á ní, ‘Tèmi ní CarPlay.’ Ẹ kú oríire, àmọ́ CarPlay, tó jáde ní 2014, iPhone ló ń bá ṣiṣẹ́; kò sí iPod kankan tó ń gbà. Android Auto tó tẹ̀lé e ní 2015, tẹlifóònù Android ni tirẹ̀.

Ti MP3 tí kì í ṣe Apple rọrùn díẹ̀. Àwọn kan nínú wọn, bíi Creative Zen, máa ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lọ́nà tí wọ́n ń pè ní MTP, ọ̀pọ̀ rédíò mọ́tò kì í sì í gbọ́ èdè yẹn. Bí tiyín bá jẹ́ Sansa ti SanDisk, ẹ wọ inú sẹ́tìn rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ USB sí, ẹ yí i kúrò ní MTP sí MSC. Bí ó bá ti di MSC, rédíò yóò rí i bíi fláàṣì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ tú gbogbo dáṣíbọọ̀dù nítorí rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀nà tí mo fara mọ́ rèé. Ẹ fi USB sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀rọ orin yín, ihò íápíìsì wà lára rẹ̀, mílímítà mẹ́ta àbọ̀. Ihò yẹn kò béèrè ẹni tó ṣe mọ́tò tàbí ẹni tó ṣe rédíò. Kò gba àṣẹ, kò ka fáìlì, kò wo orúkọ. Ohùn ni ó ń tú jáde, ohùn lásán, nínú wáyà, bí iná kékeré tó ń lọ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá gbé ìdí kejì wáyà náà sí ibi tí rédíò ti ń gba ohùn, ìyẹn AUX, ọ̀rọ̀ parí. Walkman 1979 lè gba ibẹ̀ kọrin nínú mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ibo ni AUX wà? Lára rédíò ojú gíláàsì ti China, ẹ̀yìn ló sábà máa ń wà, kì í ṣe iwájú. Ẹ wá ihò róbótó méjì, pupa àti funfun, tí wọ́n kọ AUX tàbí AV-IN sí lára. Yẹ́lò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn, ti fídíò ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Rewáyà tó bá mọṣẹ́ yóò fa wáyà láti ẹ̀yìn wá sínú pígíọ̀n-hóòlù tàbí sí ẹ̀gbẹ́ gíà, yóò sì lu ihò kékeré síbẹ̀ tí wáyà íápíìsì yóò máa wọ̀. Ẹ sọ fún un kí ó tó ti rédíò náà padà sí àyè rẹ̀. Bí ó bá ti dè é tán, owó iṣẹ́ yóò di méjì. Camry Muscle, ìyẹn ti 2007 sókè, ti ní ihò AUX láti ilé-iṣẹ́. Bí ẹ bá pààrọ̀ rédíò rẹ̀, ẹ ní kí rewáyà so ihò àtijọ́ yẹn mọ́ tuntun, kó má fi í sílẹ̀ bí ojú afọ́jú.

Wáyà tí ẹ máa rà, kí orí rẹ̀ ní ìlà dúdú méjì, kì í ṣe mẹ́ta. Onílà mẹ́ta ni ti íápíìsì tó ní ẹnu ìsọ̀rọ̀. Bó bá wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, orin lè máa dún bí ẹni tó wà nínú kànga, kí ohùn akọrin pòórá, kó jẹ́ ìlù nìkan ni ẹ ó máa gbọ́. Bí ẹ bá so ó tán, ẹ tẹ AUX lójú gíláàsì. Ẹ yí ohùn ẹ̀rọ orin sókè dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ sì máa fi rédíò mọ́tò ṣe èyí tó kù. Bí ẹ bá gbé ti ẹ̀rọ kékeré dé òpin, ohùn á máa ya. Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀, tí ẹ wá gbé ti mọ́tò sókè, ariwo wáyà lẹ ó máa gbọ́, bí ẹ bá sì yí padà sórí FM láìrántí, ẹ̀rù á ba ẹni tó sùn lẹ́yìn.

Ẹni tó ní iPod tó ní ẹnu gbọọrọ nísàlẹ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 2003, ní àǹfààní kan sí i. Nínú ọgbọ̀n ẹsẹ̀ tó wà ní ẹnu yẹn, àwọn kan wà tó ń tú ohùn jáde tààrà, láìgba ibi tí a ti ń yí ohùn sókè sódò kọjá. Wáyà tó ń lo ibẹ̀ wà, ohùn rẹ̀ sì mọ́ ju ti ihò íápíìsì lọ. Ní ti iná, ẹ kíyè sára: ṣájà mọ́tò ti àtijọ́ kan máa ń gbé iná 12 fóòlùtì gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní FireWire. Láti 2008 ni Apple ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ̀nà yẹn kúrò, bẹ̀rẹ̀ láti orí iPod nano ìran kẹrin àti iPod touch ìran kejì. Nítorí náà, bí ṣájà àtijọ́ bá kọ̀ láti fún iPod yín ní iná, iPod náà lè má bàjẹ́ rárá.

Ohun tó ń bí onímọ́tò nínú jù ni igbe tó máa ń bá orin jáde, tó ń ga bí ẹ bá tẹ iná mọ́tò, tó ń wálẹ̀ bí ẹ bá fẹsẹ̀ kúrò. Rewáyà á ní sípíkà ti bàjẹ́. Ẹ fa ṣájà yọ lára ẹ̀rọ orin, kí ẹ fi wáyà AUX sílẹ̀. Bí igbe bá dákẹ́, ẹ ti mọ ibi tó ti ń wá: ẹ̀rọ náà ń so mọ́ bọ́dì mọ́tò ní ọ̀nà méjì, láti ara ṣájà àti láti ara AUX, ariwo ọ́tánétọ̀ sì ń gba àárín méjèèjì wọlé. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí à ń fi sáàárín wáyà AUX láti já ìsopọ̀ yẹn, kò ju àtàǹpàkò méjì lọ, ground loop isolator ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ jẹ́ kí bátìrì ẹ̀rọ náà kún nílé kí ẹ tó jáde.

Rédíò kan wà tí kò ní AUX níwájú tàbí lẹ́yìn. Fún ìyẹn, ẹ lè ra ẹ̀rọ Bluetooth kékeré tó ń fi ohùn ránṣẹ́, kí ẹ ki í bọ ihò íápíìsì, kí ó máa sọ̀rọ̀ fún rédíò. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ra èyí tó ń gba ohùn dípò èyí tó ń fi ránṣẹ́, nítorí páálí wọn jọra. Ẹ̀rọ FM kékeré tí à ń ki bọ ihò síga náà wà, òun ni mo fi sẹ́yìn pátápátá. Ó gbọ́dọ̀ wá àyè tó ṣófo lórí FM, Ìlọrin kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣófo mọ́: Unilorin FM wà lórí 89.3, Royal wà lórí 95.1, Sobi wà lórí 101.9, Harmony ní Ìdófìàn wà lórí 103.5, mi ò sì tíì ka gbogbo wọn tán. Ẹ ó rí àyè nídìí ọjà, ẹ ó dé ọ̀nà Òkè-Òyì, ẹlòmíràn á bo yín mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin rewáyà, gbólóhùn kan péré. Wáyà yẹ́lò ni ti iná bátìrì tí kì í kú, pupa ni ti kọ́kọ́rọ́, dúdú ni ti bọ́dì. Ẹni tó bá fi pupa sí ipò yẹ́lò, rédíò onítọ̀hún á máa gbàgbé gbogbo sẹ́tìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá pa mọ́tò. Ẹni tó bá so méjèèjì pọ̀ sórí yẹ́lò, bátìrì lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ yé gé wáyà ilé-iṣẹ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá a mu wà lọ́jà, kò wọ́n.

Ẹ má sì fi ẹ̀rọ orin sílẹ̀ lórí dáṣíbọọ̀dù nínú oòrùn ọ̀sán Ìlọrin. Bátìrì àtijọ́ máa ń wú. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn ẹ̀rọ ti ń yọ, tàbí gíláàsì rẹ̀ ti ń gbé sókè, ẹ má fún un ní iná mọ́, ẹ má sì gún un. Ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ni kó yọ bátìrì náà. Orin inú rẹ̀ lè ṣì wà láàyè.

Mo wá débi tó jẹ mí lógún jù. Wáyà AUX tó gbé ohùn lọ sínú mọ́tò, òun kan náà ló lè gbé e lọ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ ki ìdí kejì rẹ̀ bọ ihò tí kọ̀ǹpútà fi ń gba ohùn, ẹ lo Audacity, tí kò náni ní kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí orin máa lọ, kí ó sì máa gbà á. Bákan náà ni ẹ lè ṣe fún káséètì. Bí ẹ bá gbà á bí ó ti yẹ kó wà lórí ṣíìdì, yóò jẹ àyè bíi MB 10.6 ní ìṣẹ́jú kan, káséètì wákàtí kan yóò sì súnmọ́ MB 640. Bí ẹ bá sọ ọ́ di MP3 tó dáa, ní 192 kbps, wákàtí kan kò ju bíi MB 86 lọ. Fláàṣì GB 32 yóò gba irú káséètì bẹ́ẹ̀ tó ju 300 lọ, rédíò ojú gíláàsì yóò sì kà á láìjanpata, bí ẹ bá ti tò ó ní FAT32. Kí ẹ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó mọ́gbọ́n dání: ẹni tó ń kọrin, ibi ìnáwó, ọdún tí ẹ bá mọ̀ ọ́n.

Tiyín ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Kíkó orin olórin sórí fláàṣì láti tà á nídìí mọ́tò, òfin Copyright Act tí Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023 kò gbà á láyè, bí a sì ti ń jókòó yìí, ìdílé àwọn onídadakúàdà ṣì wà láàyè, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu.

Nítorí náà mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Èyí àkọ́kọ́, sí ẹ̀yin olùkọ́ ẹ̀kọ́ orin àti eré ní Yunifásítì Ìlọrin àti ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara (KWASU) ní Màlété: ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín wá sí ọjà yìí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti wáyà, kí wọ́n jókòó ti àwọn awakọ̀ àti àwọn ìyá wa, kí wọ́n gba ohùn tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Èkejì, sí ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú mi: ẹ délé lónìí, kí ẹ ṣí dúrọ́ọ̀, kí ẹ wá ẹ̀rọ náà jáde, kí ẹ fún un ní iná. Bó bá dún, ẹ má ṣe pa á kí ẹ tó gba ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀.